Okùn Tí Bàbá Lókè-Nílẹ̀ Dì Mú

Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ rí nínú ilé alájà mẹ́wàá yẹn tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Lókè-Nílẹ̀ dá lífíìtì dúró láàárín àjà kẹrin àti ìkarùn-ún, tó sì há Máníjà ilé, agbẹjọ́rò kan, àti ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, mọ́ ibẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe pé lífíìtì bàjẹ́. Lífíìtì ò ṣe nǹkan kan. Ìtàn ni kò tíì parí.

Wẹ́rẹ́ lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Bàbá dúró sídìí irin tó fi ń darí lífíìtì, ó ń sọ ìtàn bí ìṣe rẹ̀. Àgbàlagbà kan wà nínú ìtàn náà tó rọ̀ mọ́ okùn nínú kànga jíjìn, okùn ọ̀hún sì ti ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ló dé nígbà tí Máníjà tún táì rẹ̀ ṣe, tó ní, "Bàbá, ẹ já mi sí àjà karùn-ún."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Àjà karùn-ún kẹ̀? Ọ̀gá, èèyàn wà lórí okùn o!"

"Mo ní ìpàdé, Bàbá."

"Òun náà ní ìpàdé. Ìsàlẹ̀ kànga ló ń dúró dè é." Ló bá fa irin sáàárín, lífíìtì dúró gbọnin.

Máníjà bínú, ó halẹ̀, ó làágùn. Agbẹjọ́rò ka òfin méjì sókè. Bàbá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ìtàn ló ń sọ lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Máníjà jókòó lórí báàgì rẹ̀. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, agbẹjọ́rò ní kí Máníjà yé é mí sókè, òun ò gbọ́ nǹkan tí Bàbá ń sọ. Ní ti ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú, tó ń lọ yọ eyín ní àjà kẹjọ, nígbà tí wọ́n gbé e dókè, ó ní kí wọ́n gbé òun padà sọ́hùn-ún, eyín náà ò dun òun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni kúẹ́rì dé. Ìwé gidi ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i: kí Bàbá ṣàlàyé, kí ọ̀la tó mọ́, ìdí tó fi há àwọn èèyàn mọ́ inú lífíìtì lásìkò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ òǹtẹ̀, Máníjà ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kan wínníwínní. Ó ní, "Ṣé okùn náà já?"

Ọmọ-ọmọ Bàbá ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Ìyá Kékeré sì ni Bàbá ń pè é, nítorí ó ní ọmọ náà jọ ìyá òun tó bí òun lọ́mọ, pàápàá bó bá ń bínú. Ilé-ìfọṣọ ni màmá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í tètè dé, nítorí náà bí Ìyá Kékeré bá ti jáde ní ilé-ìwé, inú lífíìtì ló ń bọ̀ tààrà. Àga kékeré kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ibẹ̀, èyí tí èèyàn lè ṣí kó sì pa dé. Orí àga yẹn ló ti kọ́ ìṣirò, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Abẹ́ àga náà ni Bàbá ń tọ́jú agolo bísíkíìtì sí. Kì í béèrè àjà tí èèyàn ń lọ, ó mọ ibi tí kálukú ń lọ. Ohun tó máa ń béèrè ni, "Ẹ ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ bá ní ẹ ò tíì jẹun, ẹ ò ní kúrò nílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá jẹ bísíkíìtì méjì lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kékeré gbàgbé ìwé ìtàn kan sórí àga. Bàbá mú un láti wá ẹ̀sùn tó máa fi kan ọmọ náà. Kò pẹ́ tó fi rí i. Ní ojú-ewé kejì, eruku pupa rọ̀ sórí ayé fún ogójì ọjọ́, gbogbo àgbà sùn, wọn ò jí mọ́, ó wá ku àwọn ọmọdé nìkan láyé.

"Kí ni àgbà fi ṣe ẹni tó kọ ìwé yìí?" Bàbá pariwo. Ó ń ka ìwé náà lọ kó lè dé ibi tí òǹkọ̀wé ti máa tọrọ gáfárà. Kò rí gáfárà kankan títí tó fi dé ọgọ́ta ojú-ewé. Ibẹ̀ ló ti pàdé àgbàlagbà kan ṣoṣo tí kò sùn. Òṣìṣẹ́ omi ni, abẹ́ ilẹ̀ ló wà tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nígbà tí eruku ń rọ̀.

Bàbá fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ̀ẹ́n! Ẹ ò rí i bí? Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni kò kú!"

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àgbà yẹn di ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ka ìwé kìíní tán, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló fi ka ìkejì tó lọ rà. Ìkejì yìí ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹ̀rọ omi dẹnu kọlẹ̀, òùngbẹ fẹ́ pa àwọn ọmọ, àgbà náà so okùn mọ́ ìbàdí, ó wọ inú kànga lọ. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn ọmọ ké. Ìwé parí.

Bàbá ṣí ẹ̀yìn ìwé wò. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbé e lọ sí ilé-ìtàwé, ó fẹjọ́ sun obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ pé ìwé tí wọ́n tà fún òun ò pé.

"Bàbá, bó ṣe parí nìyẹn," obìnrin náà sọ. "Ìwé kẹta máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀."

"Lọ́dún tó ń bọ̀? Pẹ̀lú bí èèyàn ṣe wà lórí okùn?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún? Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún o, láti ọdún mẹ́tàlá sí méjìdínlógún."

"Mo ti pé méjìdínlógún rí," Bàbá dá a lóhùn. "Mi ò ṣe é dáadáa ni mo ṣe padà wá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó kọ orúkọ Bàbá sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tó máa gba ìwé kẹta. Ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá àti Ìyá Kékeré búra nínú lífíìtì. Ẹnì kankan nínú àwọn ò ní dá ìwé kẹta ṣí. Inú lífíìtì ni wọ́n ti máa jọ ṣí i, ẹni tó bá sì dá a kà, kó máa fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn títí ayé rẹ̀.

Àmọ́ Bàbá kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ó ní kí Ìyá Kékeré mú bírò, ó sì ń pe lẹ́tà fún un. "Kọ ọ́ báyìí: Sí ẹni tó kọ ìwé. Mo kí yín o. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ ìkẹta lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa bàbá yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo àgbà ọjà lẹ ti pa tán, ó ku ẹyọ kan péré. Bẹ́ ẹ bá tún pa ìyẹn, ta ló máa bá yín tún orí ọmọ ṣe?"

Ìyá Kékeré kọ ọ́. Ó gbé bírò lẹ́nu, ó ń ronú. "Bàbá àgbà, wọ́n lè ní arúgbó ò lè pẹ́ lórí okùn."

Bí wọ́n ṣe dé abẹ́ ilé nìyẹn. Bàbá so okùn kọ́ páìpù ńlá kan, ó wé e mọ́ ìbàdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyá Kékeré dúró ti aago. Ibi tí Bàbá ń fì sí, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ló yọ. Ibẹ̀ ni dókítà eyín ti àjà kẹjọ bá wọn, obìnrin tí kò fẹ́ wàhálà, tó kàn wá wo mítà iná.

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe lórí okùn?"

"Mo ń jẹ́rìí," Bàbá dáhùn, eyín rẹ̀ há pọ̀. "Má bá mi sọ̀rọ̀, ó máa bà á jẹ́."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Nígbà tí màmá Ìyá Kékeré gbọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ìfọṣọ, ó sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Pẹ̀lú ọkàn tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa rọra lò!" Bàbá jẹ́ kó pariwo tán, ó wá ní kí Ìyá Kékeré fi kún lẹ́tà náà: "Mo ti dán an wò fúnra mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, láìjẹun."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Káàdì ni, wọ́n ya ọmọbìnrin kan àti eruku pupa sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí i pé: A dúpẹ́ fún ìfẹ́ rẹ, ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé wa. Wọn ò dárúkọ kànga, wọn ò dárúkọ okùn. Bàbá kàn án mọ́ ògiri lífíìtì níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Bí Máníjà bá ti wọlé báyìí, Bàbá á kàn nàka sí i. "Ọ̀dọ́ ni mí. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi."

Nígbà tó yá, wọ́n sún ọjọ́ ìwé síwájú. Wọ́n tún sún un. Bàbá gbà pé òun ni wọ́n ń bá jà. Nígbà tí dókítà ọkàn ní kó wá sinmi ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun ò lè wá, òun ń retí ẹnì kan tó fẹ́ jáde nínú kànga. Dókítà kọ nǹkan gígùn kan sínú fáìlì rẹ̀.

Ìgbà yìí ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé kẹta tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Nínú kànga tirẹ̀, yàrá wà lára ògiri látòkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjà inú ilé. Àwọn akọ̀wé mẹ́ta wà ní yàrá kan tí wọn ò mọ̀ pé ayé ti parẹ́, tí wọ́n ṣì ń lu òǹtẹ̀. Wọ́n ní àgbà náà ò lè gòkè kọjá ọ̀dọ̀ àwọn àfi tó bá lọ gba fọ́ọ̀mù nísàlẹ̀. Agbẹjọ́rò kan wà ní yàrá kejì tó pe okùn lẹ́jọ́. Máníjà kan wà níbẹ̀ tó sùn sórí báàgì.

Àwọn èèyàn ò rójú ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà kejì ń gba àjà kẹwàá lọ síbẹ̀. Agbẹjọ́rò á yọjú láàárọ̀: "Bàbá, ṣé mo wà nínú tòní?"

"Ẹ wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ò lọ dáadáa."

Máníjà náà wá fẹjọ́ sùn. "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ní mo sùn nínú kànga."

"Ẹ sùn ni, Ọ̀gá. Ẹ tiẹ̀ ń hanrun."

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìka àgbà náà á kan etí kànga. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, á yọ̀, á tún dé ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Kékeré.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kó jáde wàyí. Apá á ti máa ro ó."

"Èmi kọ́ ni mo ni ín," Bàbá sọ. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí ìwé bá dé ló máa jáde. Mo kàn ń bá a di okùn mú ni. Bí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó já bọ́ nìyẹn."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò mọ̀ pé òun máa rántí rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìwé jáde, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá Lókè-Nílẹ̀ sùn lórí àga rẹ̀ nílé, kò jí mọ́. Nínú ìwé, eruku pupa ló kọ́kọ́ rọ̀. Ní ti Bàbá, eruku kankan ò rọ̀. Gbogbo àgbà ayé tó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló jí, àfi Bàbá. Lójú Ìyá Kékeré, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni. Nígbà tó dé inú lífíìtì, ó sunkún láti ilẹ̀ títí dé àjà kẹwàá, ó sì tún sunkún sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó já òun sí àjà kankan.

Wọn ò gba ẹlòmíràn sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wọlé ló ń fa irin fúnra rẹ̀, wọn ò sì mọ̀ ọ́n fà. Agbẹjọ́rò máa ń dá a dúró níbi tó ga ju ilẹ̀ lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan, èèyàn á wá máa fò sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń fo gọ́tà. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú rẹ̀ ló burú jù. Àwọn tó ń gba àjà kẹwàá lọ sí ìkejì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.

Ìwé dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Obìnrin ilé-ìtàwé gbé e wá fúnra rẹ̀, ó fi bébà wé e, orúkọ Bàbá ló sì kọ sí i lára. Ìyá Kékeré gbà á, ó tì í bọ báàgì ilé-ìwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbé e kiri láìṣí i. Màmá rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń dúró dè.

"Bí mi ò bá ṣí i, Màmá, okùn ò tíì já," ó sọ.

Màmá rẹ̀ fà á mọ́ra. "Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ nìkan wá lo máa dì í mú ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e wá sínú lífíìtì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tó ti búra. Máníjà wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, dókítà eyín wà níbẹ̀, àti ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú ọjọ́sí, torí eyín náà ti padà rántí rẹ̀. Máníjà fa irin, wọ́n gbéra. Ìyá Kékeré jókòó sórí àga kékeré, ó tú bébà. Ó ń kà á sókè. Ní ojú-ewé kẹsàn-án ló débẹ̀. Ìlà kan péré ni. "Okùn já, wọn ò sì gbọ́ ohùn àgbà náà mọ́." Nínú ìlà tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ti ń jà lórí bàtà.

Ìyá Kékeré kà á lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ojú rẹ̀ ló ṣì í. Omi wá bò ó lójú.

"Irọ́ ni!" Agbẹjọ́rò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irọ́ pátápátá! Ta ló bi okùn? Ẹjọ́ ṣì wà nílé-ẹjọ́!"

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," dókítà eyín sọ. "Ojú mi báyìí ló ṣe. Ẹni tó kọ ìyẹn ò sí níbẹ̀."

"Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ àwọn akọ̀wé," ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan sọ. "Èwo ni bàtà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Máníjà gbójú sókè. Ó wo káàdì tó ṣì wà lára ògiri, èyí tó pe Bàbá ní ọ̀dọ́. Lífíìtì ti kọjá àjà kẹrin. Ìpàdé wà fún un ní ìkarùn-ún, àwọn èèyàn ti jókòó dè é. Ó na ọwọ́, ó fa irin sáàárín, lífíìtì sì dúró gbọnin.

Ó jókòó lórí báàgì rẹ̀. "Ìyá Kékeré," ó rọra sọ, "níbo ni Bàbá bá a dé ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn?"

Ìyá Kékeré nu ojú. Ó pa ìwé dé, ó gbé e sábẹ́ àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo bísíkíìtì.

"Ìka rẹ̀ kan etí kànga," ó sọ. "Ìwé sì ti dé. Lónìí, kò yọ̀. Ó gbé apá kan lé e, ó gbé ìkejì. Àwọn akọ̀wé ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọn ò béèrè fọ́ọ̀mù. Agbẹjọ́rò ń pariwo pé kó rọra. Máníjà jí, ó fi báàgì rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn fún un. Ó yọ orí. Gbogbo àwọn ọmọ dúró yí kànga ká, wọ́n ń sunkún. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti Bàbá.

"Ó ní, 'Ẹ ti jẹun?'"

Nínú lífíìtì, láàárín àjà kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn àgbà mẹ́rin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"A ti jẹun, Bàbá."